Bírékì Ṣáájú Agbára: Àgbéyẹ̀wò Ọkọ̀ Alágbára Amẹ́ríkà, Ti Àtijọ́ àti Ti Òde Òní

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Pontiac gbé GTO ti ọdún 1964 jáde, ẹ́ńjìnnì V8 oníkúbíìkì íńṣì 389 ni wọ́n kì sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Agbára ẹṣin 325 ni ìwé rẹ̀ sọ. Ẹni tó bá sanwó lé e kí wọ́n fi kábúrétọ̀ mẹ́ta sí i, tirẹ̀ á di 348. Bírékì ńkọ́? Bírékì dúrọ́ọ̀mù kékeré tó ń dá Tempest dúró, ọkọ̀ ìdílé tí kì í bá ẹnikẹ́ni du eré, náà ni wọ́n fi sí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra láti orí eré, á gbóná, á sì kọ̀, kò ní mú mọ́.

Láti inú bírékì GTO yìí ni mo ti fẹ́ mú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bí òun ṣe lè fi kún agbára rẹ̀. Agbára kọ́ ló wọ́n àwọn ọkọ̀ yìí. Agbára wọn pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa dá wọn dúró, ohun tó máa yí wọn síbi tó yẹ, ohun tó máa tu ẹ́ńjìnnì wọn lára nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, àwọn ni kò tó. Ẹni tó bá ti mọ èyí kó tó fọwọ́ sápò, ó ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ òfò.

Owó ló sọ ọkọ̀ náà di bẹ́ẹ̀. Ní January 1963, General Motors, tó ni Pontiac, kọ̀ fún gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ láti lọ́wọ́ sí eré ìje ọkọ̀ mọ́. Òfin mìíràn tún wà nílẹ̀ pé ọkọ̀ tí kò tóbi tí kò sì kéré kò gbọdọ̀ ru ẹ́ńjìnnì tó ju kúbíìkì íńṣì 330 lọ. John DeLorean, tó jẹ́ olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Pontiac, pẹ̀lú Bill Collins àti Russ Gee, wá rí i pé òfin náà kò de ohun àfikún tí oníbàárà bá fi owó ara rẹ̀ béèrè. Bí wọ́n ṣe gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá sínú LeMans, ẹ̀yà Tempest kan, nìyẹn, tí wọ́n pè é ní àfikún, tí wọ́n sì dá owó bíi 295 dọ́là lé e. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n ta 32,450. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù rí i, wọ́n sì gbé irú rẹ̀ jáde kíákíá.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn yẹn dáadáa. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n tún bírékì, sítíárìn àti ṣọ́ọ̀kì ṣe kí wọ́n bá ẹ́ńjìnnì náà mu, owó ọkọ̀ náà á kọjá ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ lè san, ọjà á sì kú. Plymouth ṣe é láṣejù lọ́dún 1968 pẹ̀lú Road Runner: dọ́là 2,896, ìjókòó gbọọrọ kan níwájú, rọ́bà nílẹ̀ dípò kápẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì oníkúbíìkì íńṣì 383. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n náwó lé bí ẹni náwó àríyá: 50,000 dọ́là ni wọ́n san fún Warner Bros. kí wọ́n lè lo orúkọ àti àwòrán ẹyẹ inú fíìmù àwòrán-alárìnká náà. Mo fẹ́ràn Road Runner gan-an, òótọ́ inú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Ó sọ fún ẹni tó rà á pé eré ni owó rẹ̀ lọ sí, kò sí ibòmíràn.

Mustang yàtọ̀ díẹ̀. Ní 17 April 1964 ni Ford ṣí i lójú níbi Ìpàtẹ Àgbáyé tó wáyé ní New York, owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 2,368 dọ́là, Lee Iacocca, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Ford, ló sì ṣe agbátẹrù rẹ̀. Lábẹ́ ẹwà yẹn, Falcon ni, ọkọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú, sílíńdà mẹ́fà sì ni ti ẹni tí kò bá sanwó lé e. Carroll Shelby, awakọ̀ ìje tẹ́lẹ̀, ló sọ ọ́ di akin gidi lọ́dún 1965 pẹ̀lú GT350. Camaro àti Firebird dé fún ọdún 1967 láti bá a jà. Nígbà tó di 1970, ogun agbára náà ti dé òkè téńté: Chevelle SS 454 LS6 ń polówó agbára ẹṣin 450, Challenger àti 'Cuda ń ru Hemi 426.

Ẹ má gba nọ́ńbà inú ìwé ìpolówó wọ̀nyẹn gbọ́ pátápátá o. Kó tó di 1972, orí tábìlì ìdánwò ni wọ́n ti ń wọn ẹ́ńjìnnì, láìsí fáànù, láìsí fílítà afẹ́fẹ́, láìsí sàláńsà. Láti 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo ohun tó máa bá a lọ sójú títì. LS5 oníkúbíìkì íńṣì 454 ti Chevelle tí ìwé sọ pé ó jẹ́ 365 lọ́dún 1971 di 270 lọ́dún 1972, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń bu nọ́ńbà kù kí owó adójútòfò má bàa gun òkè. Ford ní 428 Cobra Jet jẹ́ 335. Gbogbo ẹni tó bá a sáré mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ohun tó pa ọjà àwọn ọkọ̀ yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò gbé owó lé orí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wà wọ́n. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1970 dé, General Motors sì dín ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kù fún 1971 kí wọ́n lè máa mu epo tí òjé rẹ̀ kéré. Ní October 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń wa epo ti ẹnubodè epo mọ́ Amẹ́ríkà. Mustang II ti 1974 kò ní V8 rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí rírà. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìmọ̀ràn tí àgbà mẹkáníìkì yóò fún ẹnikẹ́ni ni pé ara ọkọ̀ ni kó rà, kó má ra ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì V8 àtijọ́ kò le tú palẹ̀, páàtì rẹ̀ sì wà lórí igbá. Ìpẹtà ló ń jẹ owó. Mustang àwọn ọdún 1965 sí 1970 ní ibì kan tó burú jù: irin tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gíláàsì iwájú, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé fún awakọ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì iwájú kúrò, kí ẹnì kan rọra da omi sí ihò afẹ́fẹ́ náà láti òde, kí ẹ̀yin dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ ìjókòó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó yẹ kí omi náà gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jáde sílẹ̀. Bó bá ń kán sí ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé, ìpẹtà ti jẹ irin inú. Àwo irin méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àìmọye ojú ìjó, jórinjórin sì gbọ́dọ̀ tú wọn níkọ̀ọ̀kan kó tó dé ibi tó bàjẹ́. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ lè kun gbogbo ara rẹ̀ kó máa dán bíi dígí, omi yẹn á ṣì tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ mú irin òòfà kékeré dání pẹ̀lú. Níbi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, pọ́tì ni wọ́n fi dí ibẹ̀. Ẹ wo abẹ́, níbi tí igun ilẹ̀ ọkọ̀ ti pàdé férémù. Ẹ wo inú búùtù, lábẹ́ táyà àfirọ́pò. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti jẹ tán, ọ̀nà àbáyọ ṣì wà, nítorí ilé iṣẹ́ bíi Dynacorn ń ṣe odindi ara irin tuntun fún Mustang 1967 àti Camaro 1969. Àmọ́ ẹni tó bá dé ìdí ìyẹn kò ra ọkọ̀ àtijọ́ mọ́, ó ń kọ́ tuntun ni, kí ó sì wéwèé owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ara, ìwé. Èyí tó jẹ́ ojúlówó lè wọ́n ju ayédèrú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ìdí nìyẹn tí ayédèrú fi pọ̀. Lára Mustang àkókò yẹn, lẹ́tà karùn-ún nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ ló ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tó bá a jáde: K ni 289 alágbára ẹṣin 271, R ni 428 Cobra Jet. Chevelle SS ti 1966 sí 1968, nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 138. Láti 1969 lọ, SS di àfikún lásán, nọ́ńbà kò lè jẹ́rìí rẹ̀ mọ́. Bébà tí ilé iṣẹ́ fi tò ó, tàbí ìwé ìgbà tí wọ́n tà á, nìkan ló lè jẹ́rìí. Bákan náà ni GTO: ti 1964 àti 1965 ń jẹ́ nọ́ńbà LeMans lásán, láti 1966 ni ó ti ní tirẹ̀, 242. Ẹni tó bá ní òun ń ta Chevelle LS6 1970 láìsí bébà kankan, ẹ sanwó Chevelle lásán fún un.

Ẹ wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù. Ká ní ọkọ̀ ti dé ilé, ara rẹ̀ le, kí ni ẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn? Bí ọkọ̀ náà bá ti jáde ṣáájú 1967, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo màsítà bírékì. Ojú kan ṣoṣo ni ẹ máa bá. Epo bírékì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba ibi kan ṣoṣo kọjá. Bí páìpù kan bá bẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ iwájú náà kò ní bírékì mọ́, pẹ́dàlì á sì lọ jọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láti àwọn ọkọ̀ 1967 ni gbogbo ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ń ṣe é ní ojú méjì, tí iwájú bá bàjẹ́ kí ẹ̀yìn ṣì mú. Màsítà olójú méjì, pẹ̀lú bírékì dísìkì níwájú, ni owó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ sí. Kò sí kábúrétọ̀ kankan láyé tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ń tà á ní ìdì kan tó pé, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ sì lè so ó láì gé ibì kankan lára ọkọ̀ náà.

Bẹ́líìtì ìjókòó ló tẹ̀lé e. Bẹ́líìtì èjìká kò di dandan ní Amẹ́ríkà títí di January 1968, ti itan nìkan ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tó ní Mustang tó jáde kí 1971 tó dé gbọ́dọ̀ tún mọ ohun kan: òkè táńkì epo rẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ búùtù. Kò sí irin mìíràn láàárín táńkì àti búùtù, páálí fẹ́lẹ́ ló sì wà láàárín búùtù àti ẹ̀yìn ìjókòó. Àwo irin tí wọ́n ń kàn sẹ́yìn ìjókòó láti dá iná dúró kò wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sí i.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì kọ́kọ́ ronú nípa ohun tó ń mu. Òjé kò sí nínú bẹntiróòlù ojú ọ̀nà Amẹ́ríkà mọ́ láti 1 January 1996. Òjé náà ló ń dáàbò bo ibi tí fáàfù ń jókòó lé, fún ìdí èyí, nígbà tí ẹ bá tú orí ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ ní kí wọ́n fi ìjókòó fáàfù tó le sí i. Ẹtánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pò mọ́ epo lónìí máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo páìpù rọ́bà epo kó má bàa jò sórí ẹ̀sọ́ọ̀sì gbígbóná. Ọ́ìlì náà yàtọ̀. Kámúṣáàfù àtijọ́ ń gbo ìdí pẹlẹbẹ àwọn irin tó ń ti fáàfù sókè, ó sì nílò síńkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀ nínú ọ́ìlì. Wọ́n ti dín méjèèjì kù nínú ọ́ìlì òde òní nítorí àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Bí kámúṣáàfù bá jẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà yí tó 2,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá kọ́kọ́ tàn án. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ kó máa rọra kùn lásìkò yẹn lè ba kámúṣáàfù jẹ́ kí ọkọ̀ náà tó kúrò nínú gáréèjì.

Kọ́ńtáàtì inú dìstíríbútọ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ti ẹ̀rọ ìgbàlódé rọ́pò. Ó wọ inú ìdérí kan náà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ọkọ̀ á sì máa tàn láàárọ̀ láìjà. Rédíétọ̀ alumíníọ̀mù onílà púpọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Táyà rádíà dípò ti àtijọ́ á jẹ́ kí sítíárìn gbọ́ràn lọ́nà tí yóò ya ẹni tí kò wa irú rẹ̀ rí lẹ́nu.

Jíà ni àtúnṣe tí mo gbà pé ó tún ìgbésí ayé oníní rẹ̀ ṣe jù lọ lẹ́yìn bírékì. Jíà kẹrin ni òpin jíà àtijọ́, ó sì ń yí bákan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Lórí eré máìlì 65 ní wákàtí kan, tí ìdí ọkọ̀ bá jẹ́ 3.73, ẹ́ńjìnnì á máa yí bíi 3,100 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Etí á di, epo á máa jó, ẹni tó ń wà á á sì sá lọ sílé. Jíà onípele márùn-ún bíi ti Tremec, tí jíà karùn-ún rẹ̀ jẹ́ 0.68, á gbé e wá sí bíi 2,100. Látọ̀dọ̀ ẹni tí kì í gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde ju ọjọ́ àríyá lọ ni ẹ ó ti rí i pé jíà yìí ló sọ ọ́ di ẹni tó ń wà á lọ sí ìlú mìíràn.

Àríyànjiyàn tó le jù láàárín àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ yìí ni ti pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì látòkè délẹ̀. LS òde òní, tí kì í ṣe LS5 tàbí LS6 àtijọ́, ni gbogbo ayé ń lò. Corvette 1997 ni General Motors ti kọ́kọ́ lò ó, alumíníọ̀mù ni, lítà 5.7, agbára ẹṣin 345, tí wọ́n wọ̀n ní òdiwọ̀n tuntun tí kì í tan ni jẹ. Ẹ̀yà onírin rẹ̀, lítà 5.3, wà nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet láti 1999, ó sì kún ibi tí wọ́n ń tú ọkọ̀ palẹ̀. LS kéré, ó fúyẹ́, kì í gbóná jù, ó sì ń tàn nínú òtútù. Àwọn kan ń fi í sínú Mustang pàápàá, inú sì ń bí àwọn ọmọ Ford.

Èrò tèmi ni pé ìdájọ́ náà wà lọ́wọ́ ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá fi hàn pé Hemi, LS6, Cobra Jet tàbí K ló bá a jáde, tí ẹ́ńjìnnì náà sì ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìtàn ni, kò sì sí ẹni tó lè ṣe òmíràn. Ẹ rántí Mustang GT 390 aláwọ̀ ewé tí Steve McQueen wà nínú fíìmù Bullitt lọ́dún 1968. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí gbàǹjo Mecum ní Kissimmee ní January 2020, ọ̀dà rẹ̀ ti gbó, àpá wà lára rẹ̀, wọn kò tún ara rẹ̀ kùn. Mílíọ̀nù 3.4 dọ́là ni òòlù gbàǹjo kàn lé e, kí wọ́n tó fi owó iṣẹ́ gbàǹjo kún un. Bí ẹnì kan bá ti kùn ún ní pupa kó máa dán ni, ta ló máa san ìyẹn? Àmọ́ Camaro onísílíńdà mẹ́fà, Chevelle Malibu lásán, Mustang 289 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti sọnù láti ogún ọdún, ìwọ̀nyẹn ni kí ẹ fi LS, bírékì ńlá àti ẹ̀rọ amúlétutù sí. Ẹ máa wà wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Ohunkóhun tí ẹ bá yọ lára wọn, ẹ kọ orúkọ sí i, kí ẹ kó o sínú àpótí, kí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín lè dá a padà.

Ti òde òní wá ńkọ́? Ford ló kọ́kọ́ jí ìrísí àtijọ́ dìde pẹ̀lú Mustang 2005. Challenger padà lọ́dún 2008, Camaro sì tẹ̀lé e fún ọdún 2010. Mustang GT 2011 gba ẹ́ńjìnnì lítà 5.0 tí wọ́n ń pè ní Coyote, agbára ẹṣin 412. Lọ́dún 2015, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ di èyí tí olúkúlùkù ń dá gbéra, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba kọ́nà bí ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Ọdún yẹn kan náà ni Dodge tú ẹ̀yà Challenger tó ń jẹ́ Hellcat sílẹ̀: agbára ẹṣin 707. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló bá a wá, pupa àti dúdú. Dúdú ń dá agbára rẹ̀ mọ sí 500. Demon 170 ti 2023 wá dé 1,025 tó bá mu epo tí ẹtánọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀.

Lójú mi, kọ́kọ́rọ́ dúdú yẹn ni ohun ọgbọ́n jù lọ nínú gbogbo Hellcat. Títún ọkọ̀ tuntun ṣe ti rọrùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnì kan á ki wáyà bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárìn, á yí ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà, á fi súpáṣájà sórí Coyote, ọkọ̀ á sì lé ní agbára ẹṣin 600 láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan. Kílọ́ọ̀ṣì, pọ́ǹpù epo, rọ́ọ̀dù inú ẹ́ńjìnnì àti àṣẹ àtúnṣe ọ̀fẹ́ ilé iṣẹ́ kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Àṣẹ ọ̀fẹ́ yẹn kì í bo ẹ́ńjìnnì tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé àtúnṣe náà ló bà á jẹ́. Yíyọ ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ kúrò sì lòdì sí òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà. California tún le jù bẹ́ẹ̀: láàárín ọkọ̀ àtijọ́, ti bẹntiróòlù 1975 sẹ́yìn nìkan ni kò ní ṣe àyẹ̀wò èéfín, páàtì tó kan èéfín tí ẹ bá sì fi sí ti òde òní gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àṣẹ ìpínlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ náwó lé ọkọ̀ tuntun, táyà tó dáa, páàdì bírékì tó lè fara da ooru, àti ọjọ́ kan lọ́dọ̀ olùkọ́ ní pápá ìje á fún yín ní eré tó ju ti súpáṣájà lọ.

Olè náà fẹ́ràn wọn o. Nínú ìwádìí tí HLDI, àjọ tó ń ṣèwádìí fún àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2023 lórí ọkọ̀ tí wọ́n ń jí jù ní Amẹ́ríkà, Charger Hellcat ló gba ipò kìn-ín-ní. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Atlanta, Houston àti Maryland, ẹ béèrè iye adójútòfò kí ẹ tó béèrè iye ọkọ̀. Fún ti àtijọ́, ẹ bá ilé iṣẹ́ adójútòfò fẹnu kò lórí iye tí ọkọ̀ tó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, nítorí ilé iṣẹ́ tó ń fi ọjọ́ orí ọkọ̀ dín owó rẹ̀ kù á ka Chevelle 1970 sí àlòkù lásán.

Ní December 2023, Camaro tó kẹ́yìn kúrò ní ilé iṣẹ́ Lansing ní Michigan, Challenger àti Charger àtijọ́ sì dópin ní Brampton ní Kánádà lóṣù kan náà. Charger oníná mànàmáná dé lọ́dún 2024, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dá ariwo ẹ̀sọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mi ò rò pé ariwo àtọwọ́dá náà máa pẹ́. Mustang ṣì ń jáde ní Flat Rock pẹ̀lú V8 àti jíà ọlọ́wọ́, Dark Horse rẹ̀ sì jẹ́ 500.

Ọ̀pọ̀ ń béèrè bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yìí lè gbé ní Nàìjíríà. Ti ẹ̀gbẹ́ sítíárìn kò sí wàhálà, láti 2 April 1972 ni a ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Epo ni kí ẹ rò. Nọ́ńbà 87 tó wà lára pọ́ǹpù Amẹ́ríkà sún mọ́ 91 ní òdiwọ̀n tiwa, Ford sì gbà kí Coyote mu ún. Hellcat ń fẹ́ 91 ti Amẹ́ríkà, tó sún mọ́ 95 tiwa, ìyẹn kò sì wọ́pọ̀ ní pọ́ǹpù àdúgbò. Tòkunbọ̀ tún wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ Mustang tó ń sọ̀ ní Èkó ni adójútòfò ti kọ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìjàǹbá tàbí omíyalé, òmíràn sì jẹ́ onísílíńdà mẹ́rin tí wọ́n lẹ àmì GT mọ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ wá ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó bóyá àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárìn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn, Mustang GT lítà 5.0 láti 2015 sókè, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ni kó wá rà, kó pààrọ̀ páàdì bírékì àti epo bírékì rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ bí Ford ṣe ṣe é.